Ọjọ́ Ìgbàgbé

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn obìnrin méjìlá tí orí wọn pé perepere máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ya dìndìnrìn. Inú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní ló máa ń bọ́ sí, kí ìgbáradì ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹgbẹ́ á gbé tábìlì kékeré kan sẹ́bàá fèrèsé nínú yàrá ìtọ́jú, á tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, á sì máa pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ létí: àga, ọsàn, ilẹ̀kùn, abẹ́rẹ́, ẹṣin, ọṣẹ, òjò, àpò, iná, bàtà. Á ní kó kà wọ́n padà fóun. Á pe nọ́ńbà mélòó kan, á ní kó pè wọ́n láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Á ní kó dìde, kó dijú, kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Máàkì tí ẹni náà bá gbà ni yóò kọ sínú fáìlì rẹ̀, fáìlì ọ̀hún á sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí onítọ̀hún bá forí gbá nǹkan.

Kò sì sí bí wọn ò ṣe ní forí gbá nǹkan, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Rọ́gíbì ẹlẹ́ni-méje ni wọ́n ń gbá, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré, tí wọ́n ń wó ara wọn lulẹ̀ nítorí rẹ̀, owó oṣù ni wọ́n sì ń gbà lé e lórí bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Èèyàn méje kọjú sí èèyàn méje lórí pápá tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣẹ́jú méje, ìsinmi ráńpẹ́, ìṣẹ́jú méje mìíràn, ó parí. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe gùn tó, kó sáré àsápajúdé títí èémí rẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ pin, kí obìnrin kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì sì wá já lù ú látẹ̀gbẹ́. Bí ẹnì kan bá forí gbá, wọ́n á mú un jáde, wọ́n á tún ìdánwò oṣù kìíní ṣe fún un. Bí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó di ilé nìyẹn, ó kéré tán ọjọ́ méjìlá kó tó tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bí kò bá lọ sílẹ̀, kó padà sórí pápá.

Ẹ ti rí ibi tí wọ́n gbé e gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí máàkì òun lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ burúkú, kó yáa jẹ́ kó ti wà nílẹ̀ látọjọ́ dáadáa. Ọjọ́ Ìgbàgbé ni wọ́n sọ ọjọ́ náà. "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá, má kọjá mẹ́ta," làwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń kì sí àwọn ẹni tuntun létí. Nọ́ńbà, kó ṣi ọ̀kan pè. Ẹsẹ̀, kó gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣubú, kó má baà dà bí eré orí ìtàgé. Ẹni tó bá jáde á bá àwọn yòókù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara wọn. "Kí lorúkọ ẹ?" "Mi ò mọ̀." "Ta ló bí ẹ?" "Ṣé wọ́n bí mi ni?" Ẹ̀rín àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n ni. Ẹ̀rín òpònú gbáà ni.

Obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní Mádìmímú. Ọdún tó dé inú ẹgbẹ́ ló gba orúkọ náà, nígbà tí gbogbo ẹni tó bá nawọ́ sí i ń bá afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ó ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ju bó ṣe sùn nílé ara rẹ̀ lọ. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ti wọ́, etí ọ̀tún rẹ̀ ti dì gbagidi bí amọ̀, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lábẹ́ awọ èjìká rẹ̀ tí ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú máa ń pariwo lé lórí. Orí ńkọ́? Ó ti forí gbá lẹ́ẹ̀mẹfà tó mọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ló ṣe ìdánwò, lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ló yege, tó sì padà wọ pápá. Ó máa ń fi ṣe yangàn láàárín àwọn ọmọdé ẹgbẹ́.

Ọdún kejì nìyí tí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ ẹgbẹ́ kan náà. Gbogbo ẹgbẹ́, títí kan Kóòṣì, Àbúrò ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ogún ọdún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé, ìyá wọn tó jẹ́ aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, "Mo fà á lé ẹ lọ́wọ́ o. Bó ṣe lọ yìí ni kó ṣe padà wá bá mi." Mádìmímú ní kí Màmá fọkàn balẹ̀. Nígbà tí oṣù kìíní pé, ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, ó sì kì í sí i létí fúnra rẹ̀: mẹ́ta nínú mẹ́wàá, má kọjá mẹ́ta. Bó ṣe bá Màmá tọ́jú ọmọ nìyẹn.

Lọ́dún yìí, Àbúrò gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Kóòṣì ní Mádìmímú ti ń lọ́ra. Ó ní nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, gbogbo ẹgbẹ́ gba ọ̀tún, Mádìmímú nìkan ló sáré gba òsì, bẹ́ẹ̀ Mádìmímú kan náà ló pe àmì ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù náà. Mádìmímú ní ariwo èrò ló fà á. Kóòṣì ní ó dáa, kó lọ gbádùn ìdákẹ́jẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ó dùn ún wọra. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń bá a di ìdè bàtà rẹ̀ kó le dáadáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta.

Ọjọ́ ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìgbẹ̀yìn á já bọ́ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ìwé iṣẹ́ àwọn méjìlá á sì di ìwé ìnuwọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló wà fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n pàdánù ti àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ìkejì wà ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Èyí tó máa sọ ẹni tó lọ àti ẹni tó dúró, aago méjì ọ̀sán ni.

Nínú ti aago mẹ́wàá ààbọ̀ yẹn, ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí ó parí, obìnrin kan láti ẹgbẹ́ kejì já gba ẹ̀gbẹ́ ìlà bí ọta ìbọn. Àbúrò nìkan ló kù lọ́nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fi orí sí ibi tí kò yẹ kó fi í sí, orúnkún obìnrin náà sì gbá a ní ẹ̀bá etí. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ. Obìnrin náà ṣubú, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èrò ń pàtẹ́wọ́ pé Àbúrò gbà wọ́n là. Mádìmímú ò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo àbúrò rẹ̀ lórí koríko, tí apá rẹ̀ kan nà gan sókè, bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, tí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kékeré gbé e jáde. Kó tó dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ti jókòó, ó ń juwọ́ sí èrò.

Yàrá ìtọ́jú náà kò ju ibi tí ibùsùn méjì lè gbà lọ, ó ń rùn fún òróró ìfira àti bàtà tútù. Mádìmímú dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi pé gbogbo ayé ń sùn, ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Àbúrò dijú, ó ń wá wọn. Ó rí àga. Ó rí ọsàn. Ó pẹ́ kó tó rí bàtà. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó sì gbọ̀n.

"Mẹ́ta," ni dókítà wí. "Oṣù kìíní, mẹ́ta. Kò sí ìyàtọ̀." Ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì mú un lọ fún dókítà ìdíje, ìyẹn èyí tí àwọn alákòóso ìdíje gbà síṣẹ́ láti bójú tó gbogbo ẹgbẹ́. Òun náà wo nọ́ńbà méjèèjì, ó rí i pé wọ́n bára mu, ó fọwọ́ sí i. Ó tán. Àbúrò lè gbá ti aago méjì.

Àwọn méjèèjì padà sí yàrá ìmúra. Àwọn yòókù wà níta, wọ́n ń wá nǹkan jẹ. Àbúrò jókòó, ó di ìbọ̀sẹ̀ kan mú, ó ń wò ó bí ẹni pé ìbọ̀sẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "Màmá ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀bù?"

Ọkọ̀ òfuurufú méjì lèèyàn máa wọ̀ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù Màmá. Mádìmímú jókòó tì í.

"Níbo la wà yìí?" ló bi í.

"Ẹ̀yin náà, kí lẹ wá ń bi mí bí ọlọ́pàá?"

"Mo ní níbo la wà? Ta la ṣẹ̀ṣẹ̀ bá gbá tán?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sáré dìde, ó di ibi ìfọwọ́ mú lọ́tùn-ún lósì, ó sì bì. Ó ṣí omi lé e. Ó nu ẹnu. "Ẹ má sọ fún wọn o," ló wí, ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. "Ẹ búra pé ẹ ò ní sọ. Tí mo bá gbá ti ọ̀sán yìí dáadáa, wọ́n á fún mi ní ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Kóòṣì ti sọ fún mi."

Mádìmímú ò búra. Ó ti jáde. Inú ń bí i débi pé nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, kò rántí ẹnu ọ̀nà tó ń lọ mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbọ́ ohùn Kóòṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan, ó sì ti ìyẹn wọlé láìkàn án.

Kóòṣì àti dókítà ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń mu tíì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọlé lọ́sàn-án yìí. Kò mọ ibi tó wà. Ó ń bì."

"Ó yege," ni dókítà wí.

"Irọ́ ni máàkì yẹn! Irọ́ la pa fún yín ní oṣù kìíní. Gbogbo wa. A mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ni. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó ti ń retí kí dókítà fò dìde, kí ẹnu yà á, kó bú u. Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Obìnrin méjìlá tí wọ́n ń há ogójì àmì ìkọ̀kọ̀ sórí fún ìdíje kan ṣoṣo, kò wá sí èyí tó lè rántí ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ nínú wọn, lọ́dọọdún. Ṣé o rò pé inú ọjà ni mo ti ra ìwé ẹ̀rí mi ni?"

Mádìmímú wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Kóòṣì ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀ kó lè tutù. Ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn pé àwọn ń tan dókítà jẹ, àṣé dókítà náà jókòó sínú ilé, ó ń dúró dè wọ́n, ó ń gba irọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gba ìwé ìwọlé lẹ́nu géètì. Irọ́ náà bá a lára mu. Ó mú kí ẹgbẹ́ rí èèyàn lò. Bí ọjọ́ kan bá sì bàjẹ́, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló purọ́, òun kọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn burúkú," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè.

"Rọra," ni Kóòṣì wí, ó gbé ife kalẹ̀. Kóòṣì ti gbá rọ́gíbì rí, imú rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fẹ́ràn láti máa pe gbogbo wọn ní ọmọ mi. "Rọra, ọmọ mi. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Tó o bá sọ èyí síta, fáìlì àwọn méjìlá ló bàjẹ́, kì í ṣe ti àbúrò ẹ nìkan. Kò sí ẹni tó máa gbá ní aago méjì. A já bọ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń jẹ, tẹ́ ẹ jọ ń mu, ìwọ lo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ló sì máa gbà ẹ́ gbọ́? Àbúrò ẹ gba ipò ẹ, o wá ń wá bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kó wọlé. Kí lo rò pé àwọn èèyàn máa pe ìyẹn?"

"Ìwọ kí lo pè é?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fi ìwọ bá Kóòṣì sọ̀rọ̀ láyé rẹ̀.

"Ìlara," ni Kóòṣì wí. "Ojú tí mo fi ń wò ó nìyẹn."

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà bà á, torí irọ́ kọ́ ni látòkèdélẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń gbàdúrà nínú pé kí ẹsẹ̀ àbúrò òun yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kó má dùn ún púpọ̀? Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú àti ìbínú nínú àyà kan náà, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó rí ọ̀nà padà sí yàrá ìmúra, ìròyìn sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àbúrò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra, ó ti wọ jẹ́sì, ó ti di bàtà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kóòṣì ní ẹ lọ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ mí."

"Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo sọ òótọ́ ni."

"Òótọ́ wo? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi! Ẹ̀yin lẹ fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀! Nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin, ó dáa. Lẹ́ẹ̀mẹfà ó dáa. Ó wá kan èmi, ẹ rántí Ọlọ́run!"

"Àbúrò, o béèrè Màmá lọ́wọ́ mi."

"Irọ́ ni."

"O béèrè bóyá Màmá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù. O ò rántí?"

Ojú Àbúrò mì díẹ̀, bí ẹni tó tẹ ibi tí kò sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú yára gbé e. "Ẹ fẹ́ gba ipò yín padà ni. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹ ti di arúgbó, ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀!"

"Orí ẹ ni mo fẹ́ gbà là, òmùgọ̀ ọmọ yìí! Orí ẹ!" Mádìmímú gbá ògiri. Àwọn tó ń jẹun lókèèrè yíjú wò wọ́n. "Ipò wo? Ṣé èèyàn ń fi ipò jẹun lẹ́yìn tí orí bá ti lọ?"

Àbúrò yí ẹ̀yìn sí i.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù. Mádìmímú gba ọ̀nà tó já sí pápá, níbi tí dókítà ìdíje ti gbé tábìlì rẹ̀ sí. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó sì ń jẹ bisikíìtì láti inú ike. Mádìmímú ò jókòó. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Ọjọ́ Ìgbàgbé, mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, dókítà tó ń nu gíláàsì. Kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti là á tán báyìí, òun ò ní gbá rọ́gíbì mọ́ láé, níbikíbi. Dókítà náà dá ẹnu dúró lórí bisikíìtì. Ó ránṣẹ́ pe Kóòṣì àti Àbúrò.

Kóòṣì dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mà, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, èyí kékeré ló gba ipò èyí àgbà."

"Ṣé òótọ́ lo purọ́ ní oṣù kìíní?" ni dókítà bi Àbúrò.

"Rárá, mà."

"Orí ń fọ́ ẹ?"

"Rárá, mà."

Dókítà ìdíje mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí Mádìmímú. "Ṣó o rí i, nọ́ńbà ni wọ́n fún mi, nọ́ńbà ni mo ní. Tí mo bá ń yọ èèyàn lórí ẹnu lásán, lọ́la ẹgbẹ́ kan á máa wá ta ko ẹgbẹ́ kejì lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo máa fi ṣe ẹ̀rí?"

"Ẹ fi mí ṣe ẹ̀rí," ni Mádìmímú wí. "Fáìlì tèmi náà wà lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Mẹ́ta ni mo gbà ní oṣù kìíní. Ẹ dán mi wò nísinsìnyí. Mi ò ní ṣe òpè. Ẹ máa rí ohun tí mo lè gbà gan-an, ẹ ó sì mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì yẹn."

Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Inú Mádìmímú dùn, ìdùnnú ẹni tó ti rí ọ̀tá rẹ̀ mú. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Dókítà ìdíje kà á jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi, ọ̀rọ̀ kan. Ìgò. Ewúrẹ́. Àtùpà. Ọ̀nà. Ata. Ìwé. Ọ̀pá. Ẹyin. Kọ́kọ́rọ́. Aṣọ.

"Ó yá. Kà wọ́n fún mi."

"Ìgò," ni Mádìmímú wí kíá. "Aṣọ. Ewúrẹ́."

Ó la ẹnu fún ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, òun ni Màmá máa ń lò bí ìwé. Ìwọ̀n oníbàárà mẹ́wàá, àyà, ìbàdí, gígùn apá, Màmá á kàn pe orúkọ, òun á sì kà á bí ẹni ń kọrin. Àbúrò dàgbà bá a lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Nínú ilé wọn, kò sí ẹni tó ń wá kálámù.

"Ìgò," ló tún wí. "Mo ti sọ ìyẹn. Ẹ dúró ná." Ó dijú. Òógùn bò ó níwájú orí. Ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ó gbọ́ wọn nígbà tí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n ibi tó fi wọ́n sí ṣófo, bí dúrọ́ọ̀ tí ẹnì kan ti kó tán. "Fèrèsé," ló wí. Dókítà ò kọ ọ́ sílẹ̀, torí kò sí fèrèsé nínú ọ̀rọ̀ tó kà. "Ẹṣin. Rárá, kì í ṣe ẹṣin. Ẹ dúró. Ẹ má sọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

"Mẹ́ta," ni dókítà ìdíje wí níkẹyìn.

"Ẹ tún òmíràn kà. Ariwo ló wà."

Kò sí ariwo kankan. Dókítà náà ka mẹ́wàá mìíràn. Méjì ni Mádìmímú rí níbẹ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà mẹ́rin, kò lè pè wọ́n padà láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kó dìde kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó dijú, ó sì di etí tábìlì mú kó má baà ṣubú, ike bisikíìtì bọ́ sílẹ̀.

Kóòṣì mí ìmí ìtura. Kò tilẹ̀ tijú. "Ẹ ti rí i báyìí, mà. Kò sí ìyàtọ̀. Bó ṣe wà lóṣù kìíní náà ló wà. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni." Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Àbúrò, ó yá, àwọn yòókù ti ń gbóná ara."

Àbúrò ò mira. Ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ojú yẹn bó ṣe ń rí tó bá ń purọ́, ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń rí tó bá ń ṣàwàdà, kò sì rí èyí tó ń wò yìí rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ má bá mi ṣeré báyìí."

"Mi ò ṣeré."

"Ṣé ẹ gbìyànjú?"

"Mo gbìyànjú," ni Mádìmímú wí. "Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kó jáde yẹn."

Àbúrò jókòó sórí ilẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè bàtà rẹ̀, kò lè tú u, ó fi ipá fa bàtà náà bọ́ pẹ̀lú ìdè lẹ́sẹ̀. Ó jù ú. Ó bọ́ èkejì.

"Kí lo ń ṣe?" ni Kóòṣì wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ! Mà, ẹ bá mi sọ fún un, ó yege, ìwé ẹ̀ wà níbí!"

"Orí ń fọ́ mi," ni Àbúrò wí fún dókítà ìdíje. Ó ti ń sunkún. "Ó ń fọ́ mi gan-an. Mi ò mọ ta la bá gbá láàárọ̀. Irọ́ ni mo pa ní oṣù kìíní, mà. Gbogbo wa la purọ́."

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó bú Àbúrò, ó bú ìyá tó bí wọn, ó ní wọ́n ti ba iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá jẹ́ lọ́sàn-án gangan. Dókítà ẹgbẹ́ ti rọra ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ọ̀nà yàrá rẹ̀. Dókítà ìdíje ò wo èyíkéyìí nínú wọn. Obìnrin tó dì mọ́ etí tábìlì rẹ̀ ló ń wò, ó sì ti gbàgbé kálámù sọ́wọ́.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ló bi í, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mi ò mọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?" Mádìmímú fi ọwọ́ lu tábìlì. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ kò ní ẹni kan pàtó mọ́, ó kárí gbogbo wọn, ó sì kan òun náà. "Àwọn wọ̀nyí ló ní ìwé mi lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Ta ló máa mọ ọdún tó di òótọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Ẹ kọ ti òní síbẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, mi ò purọ́."